Lẹ́tà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Láràárọ̀, kí n tó dé ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì ní Ìnísà, mo ti máa ń ka ìpolówó iṣẹ́ ìwádìí bíi mẹ́ta lórí fóònù mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kà wọ́n, láti ìgbà tí a bá ti kúrò ní gáréèjì Ìkìrun títí n ó fi sọ̀. Obìnrin tó sábà máa ń jókòó ti ẹ̀gbẹ́ mi ń fa tẹ̀súbáà, ọkùnrin iwájú ń ka ìwé àdúrà òwúrọ̀ ìjọ rẹ̀, èmi ń ka ìpolówó. Mo gbà pé nǹkan kan náà ni gbogbo wa ń wá kiri.

Bí ènìyàn bá ti kà wọ́n pẹ́, yóò mọ ohùn wọn. Yunifásítì kan ní ìlú òtútù ń wá olùwádìí tí yóò ṣiṣẹ́ lórí bí irin ṣe ń dípẹtà. Òmíràn ń wá ẹni tí yóò wo ohun tí eruku ń ṣe fún sólà. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ ènìyàn níṣẹ́, gbogbo wọn ló sì máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹni tó lè dá ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń dúró tì í ni àwọn ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ti ká dá wà ni, kí wọ́n wá sí ilé wa ní Ìkìrun kí wọ́n wá wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé náà, èmi nìkan ni mo ń gbé e. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, màmá mi tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Èkó. Ó máa ń pè mí ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, á bi mí pé ṣé mo ti jẹun, kí n tó dáhùn, ẹlòmíràn á ti máa pè é. Mo máa ń gbá yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọjọ́ Sátidé bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń da ìdọ̀tí sí márùn-ún nínú wọn.

Àwa mẹ́jọ la jọ gboyè kejì ní fisíìsì. Àwọn méje ti lọ sí òkè òkun. A ní ẹgbẹ́ kan lórí Wáṣáàpù, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi fọ́tò ara wọn nínú yìnyín ránṣẹ́, pẹ̀lú kóòtù tó nípọn bíi mátíràsì. Èmi máa ń fi àmì àtẹ́wọ́ dá wọn lóhùn. Mi ò ní fọ́tò kankan tí mo lè fi ránṣẹ́, àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ rí òkè Ìkìrun, wọ́n sì ti rí i rí. Inú mi máa ń dùn sí wọn fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà n ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Ìlara ni, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo kà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ débi tí mo fi ń gbàdúrà sí i. Àwọn onímọ̀ fisíìsì àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan ló jọ gbé e jáde. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe ẹ̀rọ tí kò gbówó lórí, tí àwọn ará abúlé lè fi wá omi abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ti wá yọjú wò mí nílé kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo ti ṣe irú ẹ̀rọ yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà lọ báyìí. Nígbà tí mo ń ṣe oyè kejì, èyí tí ẹ̀ka wa ní ti kú tipẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. A ó kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, a ó fi wáyà rán iná bátìrì gba inú ilẹ̀ kọjá, a ó sì fi mítà wo bí ilẹ̀ ṣe gbà á sí. Ilẹ̀ tó lómi ń gba iná, àpáta gbígbẹ kì í fẹ́ gbà á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí. Ọ̀gá mi, ìyẹn prọfẹ́sọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, ní kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe nígbà tí kò sí ẹ̀rọ. Mi ò lọ. Agídí mi pọ̀ nígbà yẹn, ó ṣì pọ̀ báyìí, mi ò kàn rí ibi lò ó ni. Mo gbé àpótí pákó tí bàbá mi fi ń kó irin iṣẹ́ wọn sí, mo ra mítà àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, mo wá bátìrì ọ̀kadà, mo sì jókòó ti gbogbo rẹ̀ nínú yàrá mi fún oṣù bíi mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tí téèpù tí mo fi ń di wáyà tán, òjò ń rọ̀, kò sí bí mo ṣe lè jáde. Mo mú òwú dúdú tí mo fi ń kó irun, mo kó wáyà náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kó irun ara mi, láti ìdí dé orí, mo sì so ó pa. Ó le ju téèpù lọ. Nígbà tí mo gbé e dé oko kan lójú ọ̀nà Ìbà, tí abẹ́rẹ́ mítà náà mì, mo kígbe. Ewúrẹ́ méjì nìkan ló gbọ́ mi. Àwọn olóko gbẹ́ kànga síbi tí mo fi hàn wọ́n, omi sì jáde.

Ọ̀gá mi kò débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Orúnkún ń dùn wọ́n, inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí, wọ́n jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ní, "Ó dáa, ó dáa." Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ènìyàn lásán ni wọ́n. Àwọn ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wọn kí n lè máa rí iná lò. Kò sí ojú ìwé kan nínú iṣẹ́ mi tí wọn ò fi bírò pupa kọ nǹkan sí. Nígbà tí màmá mi kú, àwọn àti ìyàwó wọn wá láti Òkukù, wọ́n jókòó tì mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn ò sì dìde. Lẹ́yìn àwọn òbí mi, mi ò ní ẹlòmíràn tó ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn àgbà méjì láti ẹ̀ka wa láti ṣàlàyé iṣẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn na ìka sí àpótí náà, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í dúró níwájú àgbààgbà kó máa la ẹnu pé èmi ni, èmi ni, tí ọ̀gá rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá mi ló ṣe é, sà. Èmi kàn ń bá wọn mú wáyà dání ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀gá mi na bírò pupa sí mi, wọ́n ní, "Ẹ má dá a lóhùn o, irọ́ ló ń pa. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń tan nǹkan ọ̀hún." Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, wọ́n sì fún mi ní máàkì tó dára.

Láti ọjọ́ náà ló ti di eré láàárín wa. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà sí Òkukù, mo fi ẹ̀rọ náà ta wọ́n lọ́rẹ. Bí mo bá lọ kí wọn ní ọdún Kérésìmesì, tí àlejò sì wà nílé, n ó na ìka sí àpótí náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, n ó ní, "Ẹ wo ohun tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn ṣe." Wọn á ní, "Irọ́ ni." Èmi á ní, "Àwọn ni o, èmi kàn mú wáyà dání." Wọn á rẹ́rìn-ín, Màmá, ìyàwó wọn, á sì gbé oúnjẹ wá. Ó di ọdún kan, wọn ò sọ pé irọ́ ni mọ́. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n ní, "Ó pẹ́ díẹ̀." Mi ò fura.

Mo kọ̀wé fún iṣẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ náà. Ọ̀gá mi ti kọ lẹ́tà ẹ̀rí kan fún mi nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì, òun ni mo fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi nìkan ni mo ṣe ẹ̀rọ náà. Àwọn tó ní iṣẹ́ fèsì pé wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò.

Àkókò ìsinmi ilé-ìwé ni. Ọ̀gá àgbà wa gbà kí n lo kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì ní Ìnísà, nítorí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ dára ju ti ilé mi lọ. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọgbà náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú mẹ́ta yọ lórí kọ̀ǹpútà: obìnrin kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àti bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun pátápátá. Wọ́n béèrè nípa àpáta àti omi, mo dáhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń mi orí. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ràn mi. Bàbá onírùngbọ̀n funfun wá gbé fọ́tò ẹ̀rọ náà sókè, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò dàgbà níbi tí mo ti dàgbà. Orí funfun ni mo rí, orúnkún mi sì ti fẹ́ tẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹnu mi ló dáhùn, kì í ṣe ọpọlọ mi. Mo ní, "Ọ̀gá mi ló ṣe é, sà. Èmi kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mú wáyà dání."

Mo dúró de ẹ̀rín wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Obìnrin náà tún béèrè, ó rọra béèrè ni, bí ẹni tó ń na ọwọ́ sí ènìyàn tó ṣubú sí kòtò, ó ní, "Kí wá ni iṣẹ́ tìrẹ gan-an níbẹ̀?" Mo rí kòtò náà. Mo rí ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti pe ọ̀gá mi ní ẹni tó ṣe é lójú àgbà, n kò lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn lójú àgbà kan náà. Mo ní iṣẹ́ àjọṣe ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìwé wọn dé. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní ohun tí lẹ́tà ẹ̀rí sọ àti ohun tí èmi fi ẹnu ara mi sọ kò bára mu, ẹlòmíràn ni àwọn mú. Mo sọ ọ́ fún Àlàájà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé wa, ẹni kan ṣoṣo tí mo lè sọ irú rẹ̀ fún níbẹ̀. Ó káwọ́ lé orí, ó ní, "Hàbà! A kì í du orí olórí kí àwòdì gbé tẹni lọ. Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Mo ní kò sí ẹni tó rán mi. Ó ní kí n má fi ojú ẹkún wọ kíláàsì, nítorí àwọn ọmọ á rò pé fisíìsì ló ń pa mí lẹ́kún, wọn ò sì ní ṣe é mọ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, obìnrin tó bi mí ní ìbéèrè kejì yẹn kọ ímeèlì sí mi. Ó ní àyè kan tún fẹ́ ṣí nínú iṣẹ́ náà. Ó ní òun kò gbàgbé bí mo ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àpáta. Bí ọ̀gá mi bá lè kọ lẹ́tà tuntun, tó là á mọ́lẹ̀ pátápátá ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà àti bó ṣe ṣe é, àwọn yóò tún gbé mi yẹ̀ wò. Àwọn àgbà tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní, ọ̀kan ti kú, èkejì ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, kò sì sí èyí tó fojú rí mi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti iṣẹ́ yẹn. Mo ka ímeèlì náà nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi gbàgbé láti sọ̀ ní Ìnísà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ Òkukù pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù nínú báàgì. Mo kó irun mi lọ́jọ́ Jímọ̀, òwú dúdú, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń bá àwọn ìyá àgbà dọ́gba. Ilé ọ̀gá mi kò jìnnà sí ojú irin. Màmá jókòó sí iwájú ilé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní mo ti rù. Kí n tó wọlé, wọ́n di ọwọ́ mi mú díẹ̀.

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí Bàbá ò gbádùn tó tẹ́lẹ̀," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n inú wọn máa dùn sí ẹ."

Inú ọ̀gá mi dùn lóòótọ́. Wọ́n jókòó sórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé? Iṣẹ́ ńkọ́? Màmá ẹ ńkọ́?"

Mo wo ojú wọn. Wọ́n ń dúró de èsì, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn.

"Wọ́n wà, sà," mo ní. "Wọ́n ní kí n kí yín."

"Bá mi kí wọn o."

Mo jókòó. Ó dùn mí débi pé mi ò lè ṣí báàgì mi fún ìgbà díẹ̀. Màmá gbé omi wá, wọn ò wo ojú mi.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Ara wọn yá gágá, ohùn prọfẹ́sọ̀ padà sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ní ojú àwọn kò ríran tó láti tẹ nǹkan mọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́ bí àwọn bá ṣe ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ènìyàn ń ṣe é níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tẹ lẹ́tà ara rẹ̀, ọ̀gá á kà á, á sì buwọ́ lù ú. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lé itan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn tó jọ̀lọ̀ yẹn, láìkọsẹ̀. Wọ́n sọ ọdún tí wọ́n ti mọ̀ mí. Wọ́n sọ pé mo jẹ́ olóòótọ́, pé n kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n wá ní:

"Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà, nígbà tí èyí tí ẹ̀ka wa ní bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí bá mi mú wáyà dání, ó sì ṣe é tìtara-tìtara."

Ọwọ́ mi dúró.

"Ṣé o ti tẹ ìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ta lẹ ní ó ṣe ẹ̀rọ náà?"

"Èmi ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbí ìwọ kọ́ lo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn nínú ilé yìí ni?"

Wọ́n ní kí n gbé àpótí náà wá láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, pé bó bá jẹ́ àlàyé kíkún ni àwọn òyìnbó yẹn ń fẹ́, àwọn yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Mo gbé e wá. Mo nu eruku rẹ̀. Wọ́n ṣí ọmọrí rẹ̀ sókè, wọ́n tẹ orí bọ̀ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ wáyà. Ìka wọn lọ, ó bọ̀, ó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó hàn pé wọn ò mọ ibi tí wáyà kan ń lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn bà lé òwú. Wọ́n fà á díẹ̀. Kò tú. Mo ti so ó pa.

"Òwú irun rèé," wọ́n ní. "Kí ni òwú irun ń wá níbí?"

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo orí mi. Wọ́n wo òwú inú àpótí, wọ́n tún wo orí mi. Mo rí i tí ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀rù sì wọ ojú wọn. Ẹ̀rù gidi ni. Ojú ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣí i.

Màmá ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo ẹ̀gúsí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo nílò. Èmi ni, sà. Wọn ì bá gbà. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n, wọn ì bá ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí a tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ì bá tún mọ̀, láti orí àga yẹn, pé iyè wọn ti ń fò, pé ohun tí wọ́n fi ń yangàn láti ọdún díẹ̀ wá kì í ṣe tiwọn, pé èmi ni mo sì fi eré gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọn ì bá wá bi mí pé kí ló tún kù tí àwọn ti gbàgbé. Wọn ì bá bi mí nípa màmá mi.

"Màmá ló fún yín ní òwú náà, sà," mo ní. "Téèpù ló tán."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ojú wọn padà sípò.

"Ẹn-ẹ́n!" wọ́n ní. "Téèpù tán. Òjò tún ń rọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òjò ń rọ̀."

"Mo rántí dáadáa. Tẹ ìyẹn náà sí i."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é, òwú, òjò, téèpù, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tí mo ti sọ fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò ní purọ́, ó wá sí mi lọ́kàn láti tẹ nǹkan mìíràn kí n sì ka tiwọn sí wọn létí. Ojú wọn kò lè rí i. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀, wọn ò sì fi orúkọ yẹn sí abẹ́ ayédèrú nǹkan kankan rí. Mo kà á fún wọn láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, wọ́n buwọ́ lù ú, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ níṣojú wọn. Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀: wọ́n dúpẹ́. Ẹni tó bá ti ka ìpolówó tó bí mo ṣe kà á mọ ohun tó wà nínú irú èsì bẹ́ẹ̀ kó tó ṣí i.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá mi ti àpótí náà sọ́dọ̀ mi.

"Gbé e lọ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ẹ," wọ́n ní. "Sọ fún wọn pé ọ̀gá ẹ ló ṣe é. Tí àwọn òyìnbó yẹn bá sì tún pè ẹ́, má tijú. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ara ẹ máa ń bà ẹ́ jù. Sọ ohun tó o ṣe fún wọn."

"Mo gbọ́, sà."

Màmá sìn mí dé ojú títì. A jọ kọjá ojú irin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dúró, wọ́n gbé ọwọ́ lé irun mi, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé òwú kan títí dé orí rẹ̀.

"Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní òwú," wọ́n ní.

"Mo mọ̀, mà."

Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n tún un ró, wọ́n ní kí n pè tí mo bá délé. Mo wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀ ilé wọn.

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ kún. Mo gbé àpótí náà sí ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, ó sì gba àyè obìnrin tó jókòó tì mí, ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé itan. Nígbà tí a dé Ìnísà, àwọn kan sọ̀, àwọn kan wọlé. Mo wo ọ̀nà ilé-ìwé wa, mo ronú kan ọjọ́ Ajé àti àwọn ọmọ tí yóò bi mí ní ìbéèrè. Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ kan àpótí náà.

"Kí tiẹ̀ ni ẹ gbé dání yìí?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá omi abẹ́ ilẹ̀ ni," mo ní. "Èmi ni mo ṣe é."

Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Mo tún un sọ, kó lè dá mi lójú. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Èmi nìkan."

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lé itan yín, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Mo gbé e lé itan mi, mo sì gbé e bẹ́ẹ̀ dé Ìkìrun.